Ohùn Tó Kéré: Iṣẹ́ àti Eré Onígìtá Kíláásíkà

Bí wọ́n bá kéde ní Àkúrẹ́ pé onígìtá kan ń bọ̀ wá ṣeré, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni sípíkà gogoro méjì, ìlù, akọrin, àti àwọn tó ń náwó fún wọn. Lọ́jọ́ eré, a ó wá bá ẹnì kan ṣoṣo lórí àga tí kò lápá. Kò sí máìkì níwájú rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé àpótí ìtìsẹ̀ kékeré, ó ń yí okùn gìtá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì tẹ etí sí i bí ẹni tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ àṣírí fún. Àwọn tó jókòó á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú. Ṣé eré ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé iná ló lọ ni? Kí ló dé tí kò kọrin? Ìgbà wo la máa pàtẹ́wọ́? Òbí tí ọmọ rẹ̀ ní òun fẹ́ kọ́ irú gìtá yìí náà ní ìbéèrè tirẹ̀: kí ni wọ́n ń fi èyí ṣe jẹun?

Orísun kan náà ni ìdáhùn gbogbo rẹ̀ ti ń wá: ohùn gìtá yìí kéré. Kì í ṣe pé ẹni tó ń ta á kò mọ̀ ọ́n ta, bí wọ́n ṣe kàn án nìyẹn. Bí èékánná onígìtá ṣe rí, bó ṣe ń jókòó, irú gbọ̀ngàn tó ń wá, ìdí tí kò fi rí iṣẹ́ olówó oṣù nínú ẹgbẹ́ olórin ńlá, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀.

Gìtá wo là ń sọ gan-an?

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa: èyí tí wọ́n ń so mọ́ iná ní ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí okùn rẹ̀ jẹ́ wáyà tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń gbe orin ìyìn, àti gìtá kíláásíkà. Àwọn méjì tó kẹ́yìn jọra débi pé àwọn tó ń tà wọ́n pàápàá máa ń pè wọ́n lórúkọ kan náà. Ẹ wo okùn. Okùn mẹ́fà ni gìtá kíláásíkà ní. Mẹ́ta tó ní ohùn òkè jẹ́ náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara bí okùn ìwọ̀ apẹja. Mẹ́ta tó ní ohùn ìsàlẹ̀ jẹ́ òwú náílọ́ọ̀nù wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi wáyà bàbà tínńtín tó ní àwọ̀ fàdákà wé yí ká. Ọrùn rẹ̀ fẹ̀: ibi tí okùn ti ń kúrò lórí máa ń tó mìlímítà 52, nígbà tí ti gìtá oníwáyà sábà máa ń wà láàárín 43 sí 45. Gígùn okùn tó ń dún, láti orí dé ìdí, jẹ́ mìlímítà 650 lára èyí tó pọ̀ jù. Àwọn irin tín-ín-rín tó dábùú ọrùn, tí à ń pè ní fírẹ́ẹ̀tì, sábà máa ń jẹ́ 19, ọrùn sì pàdé ara gìtá níbi ìkejìlá.

Àṣìṣe kan wà tó ti ba gìtá púpọ̀ jẹ́: kí okùn náílọ́ọ̀nù já, kí wọ́n sì lọ ra wáyà fi rọ́pò rẹ̀ nítorí pé wáyà ló wà lọ́jà. Okùn náílọ́ọ̀nù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà papọ̀ ń fa gìtá tó nǹkan bí kìlógíráàmù 40. Wáyà mẹ́fà máa ń fà á tó 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pákó ojú gìtá kíláásíkà kò sì nípọn ju mìlímítà 2 sí 2.5 lọ, tórí pé bó ṣe fẹ́lẹ́ ni òwú rírọ̀ yẹn ṣe lè mú un dún. Tí wáyà bá gorí rẹ̀, ojú pákó á kọ́kọ́ yọ ikùn lẹ́yìn ibi tí okùn ti so mọ́lẹ̀. Igi pẹlẹbẹ tí wọ́n so okùn mọ́ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ẹ fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wò ó lábẹ́, bó bá wọlé, gúlù ti ń jẹ́ kó lọ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ọrùn máa tẹ̀, okùn á sì jìnnà sí fírẹ́ẹ̀tì débi pé ọmọdé kò ní lè tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ má ṣe é rárá. Ó sàn kí gìtá wà ní okùn márùn-ún fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Síso okùn náà lọ́gbọ́n tirẹ̀. Náílọ́ọ̀nù ń yọ̀, nítorí náà okùn tó tínrín jù gbọ́dọ̀ lọ́ mọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nídìí, kí ìlọ́ tó kẹ́yìn sì bọ́ sẹ́yìn etí igi, kì í ṣe sórí rẹ̀. Okùn tí wọ́n wé ní wáyà kò nílò ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Bí ìdè kò bá mú, okùn á tú pàì lójijì, á sì na ojú pákó bí pàṣán, àpá rẹ̀ kì í parẹ́.

Ará Sípéènì tó ń jẹ́ Antonio de Torres (1817–1892) ló fún gìtá yìí ní ara tó ní títí dòní. Ó mú ikùn rẹ̀ tóbi, ó fá ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó wá lẹ ọ̀pá igi wẹ́wẹ́ sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n tàn ká bí abẹ̀bẹ̀, kí pákó lè lágbára láì jẹ́ pé ó nípọn. Nígbà yẹn, ìfun ẹran ni okùn. Ó máa ń já, ojú ọjọ́ sì máa ń dà á láàmú. Lásìkò ogun àgbáyé kejì, ìfun ẹran di ọ̀wọ́n nítorí pé wọ́n ń lò ó láti fi rán ojú ọgbẹ́ fún àwọn ọmọ ogun. Albert Augustine ní New York, pẹ̀lú onígìtá Andrés Segovia, ló sọ náílọ́ọ̀nù di okùn gìtá láàárín ọdún 1940 sí 1950.

Ọwọ́ ọ̀tún

Ní Ondó, níbi tí ìdílé King Sunny Adé ti wá, kò sí ẹni tó nílò àlàyé nípa gìtá jùjú. Gìtá mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló máa ń wà lórí ìtàgé. Èyí ń tún ẹyọ ohùn mẹ́ta kan náà ta, òmíràn ń dáhùn, ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá wọnú ara wọn lorin tó pé. Onígìtá kíláásíkà, òun nìkan ni gbogbo wọn. Àtàǹpàkò ń ta okùn ìsàlẹ̀, ìka ìlábẹ̀, ìka àárín àti ìka òrùka ń bójú tó àárín àti òkè. Ìka kékeré kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí ìyáàlù ṣe ń sọ̀rọ̀ tí omele kò sì dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìka òrùka gbọ́dọ̀ mú orin jáde ketekete kí àwọn ìka yòókù máa rọra sọ tiwọn lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ kan náà, ìṣẹ́jú àáyá kan náà, ìka kan líle, ìka méjì rírọ̀. Bí ẹ bá rò pé ó rọrùn, ẹ fi ìka mẹ́rin lu tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ jẹ́ kí ti ìka òrùka nìkan dún jù.

Kò lo píìkì, ẹyọ ike tí àwọn tó ń ta wáyà máa ń dì mú. Èékánná ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn. Bí ẹ bá kọ àtẹ́lẹwọ́ sí ojú ara yín, èékánná gbọ́dọ̀ yọ sórí ẹran ìka ní mìlímítà 1 sí 2, ti àtàǹpàkò lè jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ẹran ìka ló kọ́kọ́ ń kan okùn. Okùn á yọ̀ kúrò lórí ẹran bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ èékánná, á gba etí rẹ̀ lọ, á sì fò kúrò. Ẹran ló ń mú kí ohùn rọ̀, èékánná ló ń mú kó mọ́ kó sì dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ẹran nìkan, ohùn á kú sí ìlà àga kẹta. Èékánná nìkan, á máa dún bí ike.

Fáìlì la fi ń gé e, kì í ṣe réèsà. Ẹ jẹ́ kí ó tẹ̀ lé bí orí ìka ṣe rí, kí ẹ wá fi sáńpépà tó kúnná jù lọ, nọ́ńbà 1500 tàbí 2000, dán etí rẹ̀ láti òkè àti láti abẹ́. Bí ẹ ṣe máa dán an wò nìyí: ẹ fà á gba orí aṣọ síríkì. Bó bá fa òwú kan ṣoṣo, kò tíì tó. Okùn náà á fà bẹ́ẹ̀, a ó sì gbọ́ ọ bí ariwo kékeré ṣáájú ohùn gbogbo. Èyí tó bá tẹ̀ bí ìwọ̀ ló burú jù, á máa há mọ́ okùn, ìka á sì máa pẹ́ dé ibi tó ń lọ.

Iṣẹ́ ilé ló ń ṣẹ́ èékánná ju gìtá lọ. Fífi ọwọ́ ọ̀tún jẹ iyán kò ṣe é ní nǹkan. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni omi ọṣẹ tó pẹ́ lára, kànìnkànìn onírin tí a fi ń ha ìkòkò, bíbẹ ẹ̀gẹ́, àti ṣíṣí agolo. Bó bá ṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta sí eré, àwọn onígìtá máa ń gé ègé kékeré lára bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì orí tábìlì, wọ́n á fi súpà gúlù lẹ̀ ẹ́ mọ́ èékánná, wọ́n á sì fáìlì rẹ̀ bíi ti gidi. Kì í pẹ́ lọ títí, àmọ́ á gbé eré kan dé òpin. Ọwọ́ òsì ní tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ní èékánná kankan tó yọ, torí orí ìka ló ń tẹ okùn ní òòró.

Ọ̀nà méjì la ń gbà ta okùn. Nínú èkínní, bí ìka bá ti ta okùn tán, á lọ sinmi lórí okùn tó tẹ̀ lé e. Ohùn ibẹ̀ máa ń nípọn, a fi ń gbé orin jáde. Nínú èkejì, ìka á kọjá lófuurufú, kò ní fara kan ohunkóhun, nítorí náà gbogbo okùn lè máa dún lọ pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ èkejì nìkan ni a kì í gbọ́ nínú gbọ̀ngàn.

Nǹkan kan wà tó máa ń ya àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu: ohùn kan tó ń gbọ̀n láìdúró bí omi tó ń sẹ̀, tí orin mìíràn sì ń rìn lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀. Àtàǹpàkò ta ohùn ìsàlẹ̀ kan, ìka òrùka, ìka àárín àti ìka ìlábẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn lórí okùn kan náà, wọ́n sì tún un ṣe, ẹyọ ohùn tó ń jáde sì máa ń ju mẹ́jọ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé á máa sáré bí ẹṣin, méjì yára, ìkẹta lọ́ra. Ìka àárín ló sábà máa ń jẹ̀bi, torí kì í padà sórí okùn ní kíá. Ìtọ́jú rẹ̀ ni kí ẹ mú un lọ́ra gidi, ìlù kan sí ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ìka kọ̀ọ̀kan ti wà lórí okùn kí àsìkò tirẹ̀ tó tó. Ẹni tó bá yára kó tó dọ́gba kò ní dọ́gba láé.

Ìwé orin

Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ sólífà dunjú, èyí sì jẹ́ àǹfààní ńlá. Àmọ́ orí ìlà márùn-ún ni orin gìtá wà, ohùn rẹ̀ sì ń jáde ní ọ́kítéèfù kan (láti dó kan sí dó kejì) nísàlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Èyí tó ń da àwọn tó ti mọ dùùrù rú ni pé ohùn kan ṣoṣo lè wà ní ibi púpọ̀. Ẹ mú ohùn okùn kìíní tí a kò tẹ̀ rárá. Ohùn yẹn gan-an wà lórí okùn kejì ní fírẹ́ẹ̀tì 5, lórí ìkẹta ní 9, lórí ìkẹrin ní 14, lórí ìkarùn-ún ní 19. Ibi márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àwọ̀ ohùn tirẹ̀: ti okùn kìíní tàn, ti ìkẹta dùn bí ohùn àgbà obìnrin. Orí dùùrù, ẹyọ kan ni. Onígìtá gbọ́dọ̀ yan ibi tí yóò ti mú un kó tó mọ ìka tí yóò lò. Nítorí náà ni orin ojú ìwé méjì fi lè gba oṣù kan.

Bí ẹ bá rí nọ́ńbà tí wọ́n fi òbírípo yí ká, okùn ni ó ń tọ́ka sí. Nọ́ńbà lásán jẹ́ ìka ọwọ́ òsì. Lẹ́tà p, i, m, a jẹ́ àtàǹpàkò, ìlábẹ̀, àárín àti òrùka lédè Sípéènì.

Kí ni wọ́n ń fi ṣe jẹun?

Nínú ẹgbẹ́ olórin ńlá ti ilẹ̀ Yúróòpù, fayolíìnì nìkan lè tó 30. Gìtá kò ní àga kankan níbẹ̀. Akọrinsílẹ̀ Gustav Mahler fi í sínú símfónì keje rẹ̀, orin gígùn fún ẹgbẹ́ olórin ńlá, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Prague ní 1908, apá kan péré ló sì ti dún. Ọmọ tó kọ́ fayolíìnì dáadáa lè wá iṣẹ́ olówó oṣù lọ. Ọmọ tó kọ́ gìtá kíláásíkà gbọ́dọ̀ mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé òun nìkan ni ilé iṣẹ́ náà. Ó yẹ kí ẹnìkan ti sọ èyí fún gbogbo òbí kí wọ́n tó ra gìtá.

Andrés Segovia (1893–1987) ló fi hàn pé ẹnì kan lè fi í ṣe iṣẹ́ odidi ayé. Ó ṣeré ní Paris ní 1924, ó dé New York ní 1928, ó sì ṣì ń gun orí ìtàgé nígbà tó ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Kò gba máìkì láyè. Ohun tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títọrọ orin. Bach, akọrinsílẹ̀ ayé àtijọ́, kò kọ orin kankan fún gìtá. Èyí tí onígìtá ń ta nínú rẹ̀, láti ara ohun èlò míràn ni wọ́n ti yí i padà. Nítorí náà Segovia ń lọ bá àwọn akọrinsílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bẹ̀ wọ́n. Julian Bream (1933–2020), onígìtá ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Akọrinsílẹ̀ Benjamin Britten kọ iṣẹ́ ńlá kan fún un ní 1963.

Ọ̀rọ̀ gìtá pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin ńlá wà lọ́tọ̀. Akọrinsílẹ̀ Joaquín Rodrigo, tí ojú rẹ̀ fọ́ láti ọmọ ọdún mẹ́ta, kọ èyí tó gbajúmọ̀ jù ní 1939, Regino Sainz de la Maza sì kọ́kọ́ ta á ní Barcelona ní oṣù kọkànlá 1940. Ọgbọ́n tó dá ni pé nígbà tí gìtá bá ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á dákẹ́ tàbí kí ohun èlò díẹ̀ máa rọra dún. Síbẹ̀, lónìí, ọ̀pọ̀ onígìtá ń lo sípíkà kékeré fún un. Onígìtá John Williams, tí wọ́n bí ní Melbourne ní 1941, wà lára àwọn tó gbà pé kò sí ìtìjú níbẹ̀. Tèmi ni pé òótọ́ ló sọ, bí sípíkà náà bá wà lẹ́yìn onígìtá gan-an, tí etí kò lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ìdíje ni ẹnu ọ̀nà fún àwọn ọ̀dọ́. Guitar Foundation of America, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973, bẹ̀rẹ̀ ìdíje tirẹ̀ ní 1982. Ẹni tó bá borí á gba ìrìn àjò eré láti ìlú dé ìlú àti gbígba orin sílẹ̀ pẹ̀lú iléeṣẹ́ Naxos. Nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀, wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fi fídíò ṣẹ́ àwọn èèyàn kù, kí àwọn tó kù tó wá jókòó síwájú àwọn adájọ́. Ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ jáde kì í ṣe àìlè ta orin tó le. Wọ́n yan orin tó le jù tí ọwọ́ wọn kò tíì gbà, àyà wọ́n já, ọwọ́ sì le. Orin tó rọrùn díẹ̀, tó ti wọ ara fún ọdún kan, ló ń borí.

Owó gidi, àní fún àwọn tó ti gbajúmọ̀, ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ti sábà máa ń wá. Ìgbéyàwó náà wà: onígìtá kan lè ta orin láti ìgbà tí àwọn èèyàn ń wọlé títí dìgbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Ẹni tó bá wà ní Àkúrẹ́ tàbí Ondó lè kọ́ ìwé orin ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin ti Adeyemi Federal University of Education, tàbí kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ orin MUSON ní Oníkan, l'Ékòó. Ká bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún méje sí mẹ́wàá ló dára. Wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́ fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe iṣẹ́, kó máa sinmi lẹ́yìn ìṣẹ́jú 45 kọ̀ọ̀kan. Bí ọrùn ọwọ́ bá ń dunni, kí ó gbé gìtá sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ta á gba inú ìrora kọjá lè pàdánù ọwọ́ yẹn fún oṣù púpọ̀.

Iṣẹ́ kan sì wà tí ẹnikẹ́ni ní òkèèrè kò lè bá wa ṣe: yíyí orin àbáláyé wa padà sórí gìtá. Ohùn èdè wa ni orin wa ń tẹ̀ lé. Bí onígìtá bá yí ohùn orin sókè sódò nítorí kí ìka rẹ̀ lè rọrùn, igbá á di ìgbà, àgbàlagbà tó jókòó níwájú á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kó kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ orin náà pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kó wá wá ibi tó ti lè mú gbogbo ohùn náà lórí okùn kan tàbí méjì láì yí i. Náílọ́ọ̀nù gba ìka láyè láti mi okùn síwá sẹ́yìn, ohùn á sì máa gbọ̀n díẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń sun rárà. Dùùrù kò lè ṣe ìyẹn.

Òjò, ọyẹ́ àti jẹnẹrétọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ gbàlejò onígìtá níhìn-ín, ọ̀tá rẹ̀ àkọ́kọ́ ni òrùlé páànù. Láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, òjò lè bẹ̀rẹ̀ ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, bó bá sì ti kan páànù, eré ti parí nìyẹn, kò sí ẹni tó máa gbọ́ ẹyọ ohùn kan. Ẹ lo ilé tó ní àjà tó nípọn lábẹ́ òrùlé, tàbí kí ẹ fi eré sí oṣù kọkànlá. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó ní ògiri líle àti òrùlé gíga dára gan-an. Gbọ̀ngàn tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀, tí kápẹ́ẹ̀tì sì kún ilẹ̀, á gbé ohùn náà mì.

Èèyàn 100 sí 250 ni ohùn gìtá lè tó láìsí ẹ̀rọ. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ilé, kí ògiri méjì wà láàárín. Ínfátà ló dára jù. Ẹ pa fáànù fún àsìkò orin, kí ẹ tún tàn án nígbà ìsinmi. Bí ẹ bá ní láti lo máìkì, ẹ gbé e sí sẹ̀ńtímítà 30 sí 50, kí ó kọjú sí ibi tí ọrùn ti pàdé ara gìtá. Ẹni tó bá gbé e síwájú ihò, kìkì ìró bùù ni yóò gbọ́.

Bí ọyẹ́ bá sì dé ní Kejìlá, ọ̀rọ̀ di ti pákó. Omi inú igi ń gbẹ, ojú gìtá ń súnkì, etí fírẹ́ẹ̀tì á bẹ̀rẹ̀ sí í gún ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn. Ìkìlọ̀ nìyẹn. Ẹni tí kò bá kà á sí, ojú pákó rẹ̀ á là lọ́jọ́ kan, a ó gbọ́ ọ pàá bí ìgbà tí igi gbígbẹ ṣẹ́. Ẹ mú ike ọṣẹ kékeré, ẹ lu ihò sí i lára, ẹ fi fóòmù tí ẹ rẹ sómi tí ẹ sì fún dáadáa sínú rẹ̀, ẹ gbé e sínú àpótí gìtá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ẹ pa àpótí dé. Ẹ tún un rẹ lẹ́yìn ọjọ́ méjì mẹ́ta. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin, ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún ni kó máa fi hàn. Ẹ má fi gìtá sílẹ̀ nínú búùtù mọ́tò ní ọ̀sán Àkúrẹ́. Oòrùn á rọ gúlù rẹ̀.

Alẹ́ eré

Okùn tuntun máa ń fà fún ọjọ́ púpọ̀, nítorí náà ọjọ́ márùn-ún sí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni onígìtá ti gbọ́dọ̀ yí i. Àga rẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 45, àpótí ìtìsẹ̀ sì gbé ẹsẹ̀ òsì sókè ní 12 sí 17, kí gìtá lè dúró lórí itan òsì, kí orí rẹ̀ sì sún mọ́ ojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ méjèèjì fi máa ń wà lómìnira, láì sí èyí tó ń di gìtá mú.

Eré sábà máa ń tó wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú 15 láàárín. Láti orí ni ó ti ń ta orin, kò síwèé níwájú rẹ̀. Bó bá ń yí okùn láàárín orin méjì, kò gbàgbé nǹkan kan. Orin míràn fẹ́ kí okùn tó nípọn jù lọ sọ̀ kalẹ̀ ní odidi ohùn kan, bí ìgbà tí a bá ti orí mí bọ́ sí ré, náílọ́ọ̀nù tí a sọ̀ kalẹ̀ sì máa ń rọra gòkè padà fúnra rẹ̀, àfi kí ó fà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Onígìtá tó gbọ́n máa ń to orin tó fẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ̀ léra wọn. Ariwo kékeré tó dà bí ìgbà tí a ha nǹkan, ìka òsì ló ń yọ̀ lórí okùn tí wọ́n wé ní wáyà. Ẹni tó mọṣẹ́ máa ń gbé ìka kó tó rìn, àmọ́ kì í tán pátápátá.

Ní ti pàtẹ́wọ́: orin kan lè ní apá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìwé ètò á sì to orúkọ wọn sábẹ́ orúkọ orin náà. Láàárín apá kan sí èkejì, ọwọ́ rẹ̀ á ṣì wà nítòsí okùn, orí rẹ̀ á ṣì tẹ̀ ba. Ohùn tó kẹ́yìn á máa kú lọ, gìtá yìí kì í pẹ́ dákẹ́, ṣùgbọ́n ìparí yẹn wà lára orin náà. Ẹ jẹ́ kó kú tán. Bó bá gbé ọwọ́ ọ̀tún kúrò lára okùn, tó gbé orí sókè, tó wo yín, ẹ pàtẹ́wọ́ bí ẹ bá ṣe fẹ́. Bí pàtẹ́wọ́ náà kò bá dáwọ́ dúró, á tún jókòó, á sì ta orin kúkúrú kan sí i tí kò sí nínú ìwé ètò.